Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Wọ RNA Láṣọ

Abẹ́ ilẹ̀ ni reluwé Red Line máa ń gbà kọjá ní àárín ìlú Boston, àmọ́ bó bá kan odò Charles, ó máa ń yọ sí gbangba. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tí mò ń sọ yìí, ojú odò náà ti dì gbagidi. Àwọn ilé ìṣọ́ kéékèèké tó wà lórí afárá Longfellow dúró bí ìgò iyọ̀ àti ìgò ata orí tábìlì. Ohun tí àwọn ará ìlú sì ń pe afárá náà nìyẹn, afárá oníyọ̀-àti-ata. Kò pẹ́ tí a tún fi rì sínú ilẹ̀. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Kendall, ní ìlú Cambridge. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fa fìlà òwú bo etí, mo gba Main Street lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú oògùn tí wọ́n ń fi gún ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́rẹ́.

Ẹni ọdún 71 ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń ta á. Ó ní ńṣe ló ń dà bíi pé òun sùn lé e. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ara sì rọ̀ ọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́ láìdúró mí. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi sọ fún un ní ilé ìwòsàn kan pé ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni, torí pé àgbàlagbà ni, ó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Dókítà mìíràn ló wá so ọ̀rọ̀ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn.

Pùrótéènì kan wà tó ń jẹ́ transthyretin. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ru fítámì A àti họ́móònù kan tó ń ti ọrùn wá kiri inú ẹ̀jẹ̀. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n máa ń so mọ́ra. Lára àwọn kan, ègé kan ṣoṣo nínú okùn pùrótéènì náà, èyí tó wà ní ipò 122, yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Ìso náà a tú, àwọn ègé rẹ̀ a máa sùn bí ògì nísàlẹ̀ ìkòkò, wọn a máa rọ́ sáàárín ẹran ọkàn títí ọkàn yóò fi le, tí kò ní lè fẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mọ́. V122I ni wọ́n ń pe àyípadà yìí, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà sì ni orírun rẹ̀. Nínú 100 ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbé e nínú jíìnì wọn. Gbígbé e nìkan kọ́ ni àìsàn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e darúgbó láìmọ̀. Ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Èmi náà ń gbé e.

Nítorí náà, kì í ṣe ojú ìwòran lásán ni mo gbé lọ sí Kendall.

Onímọ̀ kẹ́míkà tó gbà mí lálejò jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì pé ọdún 35. Ó bẹ̀ mí kí n má kọ orúkọ òun tàbí ti ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nínú kóòtù funfun rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú òtútù.”

Ó fún mi ní kóòtù, awò tó bo ojú dé ẹ̀gbẹ́ etí, ìbòmú, àti ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù. Mo ní ṣé kẹ́míkà ibẹ̀ máa ń jóni lọ́wọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

“Àwọn kan ń jóni, mà. Àmọ́ ìbọ̀wọ́ yìí, torí RNA ni ẹ ṣe wọ̀ ọ́. Ohun tó ń jẹ RNA kún ọwọ́ wa. Ó wà nínú itọ́, ó wà nínú omijé, ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dá lé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń wá gan-an. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé bí ọba bá fi àrokò rán ońṣẹ́, tí wọ́n sì dá ońṣẹ́ náà dúró lọ́nà, àṣẹ wà láàfin àmọ́ kò dé ibi tí wọn yóò ti mú un ṣẹ. Ààfin ni jíìnì wa wà, nínú kóróró sẹ́ẹ̀lì. RNA ni ońṣẹ́ tó ń gbé àṣẹ jáde lọ bá àwọn tó ń ṣe pùrótéènì. Ní 1998, Andrew Fire àti Craig Mello fi hàn, lára aràn kan tí kò gùn ju mílímítà kan lọ, pé bí a bá fi RNA olókùn méjì tó bá ońṣẹ́ kan mu sínú ara, ońṣẹ́ náà á pòórá. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2006. Ní 2001, Thomas Tuschl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, fi hàn pé bí okùn méjèèjì bá kúrú, tí gígùn rẹ̀ kò ju lẹ́tà bíi 21 lọ, ohun kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn. Pùrótéènì kan tó ń jẹ́ Argonaute 2 á gba okùn méjèèjì, á ju ọ̀kan nù bí ìgbà tí awakọ̀ bá já èrò sílẹ̀, á wá mú èkejì ṣe atọ́nà. Ońṣẹ́ yòówù tí lẹ́tà rẹ̀ bá bá ti atọ́nà náà mu, á gé e sí méjì. Á tún lọ wá òmíràn. Ìwé ààfin kò fara pa rárá.

Gbogbo ayé ló dìde sí iṣẹ́ yìí nígbà náà, wọ́n rò pé oògùn ti dé. Ìhòòhò RNA ló kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀.

Ọmọbìnrin náà mú mi dé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ńlá kan tí fọ́tò kan lẹ̀ mọ́ lára. Ìlà funfun ni lórí ilẹ̀ dúdú. Lápá òsì, RNA tí kò wọṣọ ni wọ́n fi sínú omi ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, tí wọ́n wá ń bù wò láti ìgbà dé ìgbà. Ìlà àkọ́kọ́ nípọn, ó mọ́ rokoṣo. Èyí tó tẹ̀ lé e tín-ín-rín. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, òjìji lásán ni. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kò sí nǹkan kan. Lápá ọ̀tún, RNA tí wọ́n ti wọ̀ láṣọ láti òkè délẹ̀: ìlà ọjọ́ kẹta nípọn bíi ti àkọ́kọ́. Mo dúró níwájú fọ́tò yẹn ju bí mo ṣe rò lọ. Kò sí ìwé tí mo kà nílé tó yé mi tó o.

Jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ nìkan kọ́ sì ni ìṣòro rẹ̀. Kíndìnrín máa ń sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara náà máa ń fura sí i, torí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn ló ń fi RNA gbógun tini. Tí wọ́n bá rí RNA ìhòòhò tó ń rìn kiri, wọn á kígbe ogun, ibà á dé. Aṣọ là ń kí kí a tó kí èèyàn. Àwọn tó wà ní yàrá yìí mú òwe náà ní tààràtà.

Lórí pátákó funfun ó ya ilé olójú márùn-ún kan. “Ṣúgà inú RNA rèé, mà. Ẹ wo igun kejì rẹ̀.” Ó fi ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan kọ́ sí igun náà bí ọwọ́. DNA kò ní ọwọ́ yìí, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí DNA lè pẹ́ nínú egungun òkú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ọwọ́ RNA lè ká wọlé kó já okùn tó so òun fúnra rẹ̀ mọ́ra; òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ensáìmù tó ń jẹ RNA máa ń lò láti gé e. Bí a bá ti dí ọwọ́ náà, ensáìmù náà á pàdánù ibi tó ń gbá mú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà dí i. Àkọ́kọ́, wọ́n lè fi kábọ̀n kan àti háídírójìn mẹ́ta dé ọ́síjìn náà lórí bíi fìlà. Èkejì, wọ́n lè yọ ọwọ́ náà kúrò pátápátá kí wọ́n fi flúórínì kan ṣoṣo dípò. Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi dé gbogbo rẹ̀ ní fìlà kan náà kí wọ́n lọ sinmi.

“Argonaute ò ní gbà, mà. Ó ní ibi tó ti fún mọ́ra. Ní ipò kejì àti ipò ìkẹrìnlá okùn atọ́nà, fìlà yẹn ti tóbi jù, kò ní wọlé dáadáa. Flúórínì ló kéré tó. Àfi kí ẹ máa rán an bíi télọ̀: ibí fún, ibẹ̀ ṣò.”

Aṣọ tó bá nípọn jù, RNA á pẹ́ láyé láìṣiṣẹ́. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó kú. Ó lé ní 15 ọdún tí àwọn onímọ̀ fi wá ibi tí méjèèjì ti pàdé, mo sì rò pé iṣẹ́ yìí tóbi tó ìwádìí aràn tó gba ẹ̀bùn Nobel.

Aṣọ kẹta wà níbi ìdè. Láàárín ṣúgà kan sí èkejì, fọ́sífétì ló so wọ́n pọ̀, ọ́síjìn sì wà lára rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn okùn, níbi tí ensáìmù mìíràn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín gé e, wọ́n máa ń mú ọ́síjìn kan kúrò, wọ́n á fi imí-ọjọ́ rọ́pò rẹ̀. Imí-ọjọ́ kan náà tí ìyá mi ń pò mọ́ òrí fún àwa ọmọ tí ẹ̀yi bá bò. Fritz Eckstein ló kọ́kọ́ ṣe irú ìdè yìí, ní Göttingen bákan náà, láàárín 1960 sí 1969, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọ̀nà báyìí wà láti pa ẹnu jíìnì mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń hun okùn náà kò ju àpótí amóhùnmáwòrán àtijọ́ lọ. Ìgò kéékèèké tò sí iwájú rẹ̀: A, C, G àti U, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aṣọ fìlà àti aṣọ flúórínì, nítorí náà ìgò mẹ́jọ ni mo kà. Ìgò ńlá wà nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pá tín-ín-rín kan ni àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì olójú-ihò wà, wọ́n kúnná bí iyanrìn, lórí wọn sì ni ẹ̀rọ ń to lẹ́tà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Marvin Caruthers ní Boulder, ìpínlẹ̀ Colorado, ló fi kẹ́míkà yìí lélẹ̀ ní nǹkan bí 1981. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni fún lẹ́tà kan: ṣí ẹnu okùn, so lẹ́tà tuntun mọ́ ọn, pa ẹnu èyí tí kò bá so, kí a sì de ìdè náà pẹ̀lú áyódínì tàbí imí-ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ó tún di ọ̀tun.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣí ẹnu okùn, omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan sáré gba inú rọ́bà tóóró kọjá, àwọ̀ rẹ̀ bíi Fáńtà. Mo fò sẹ́yìn.

“Ẹ má bẹ̀rù, mà. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.” Ó ní ìdérí tó wà lẹ́nu lẹ́tà tó kọjá ló ń pupa bó bá bọ́. Bí pupa náà bá ki, lẹ́tà tó kọjá ti so dáadáa. Bó bá ṣá, nǹkan ti bàjẹ́. Ó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ náà nígbà mìíràn kó kàn máa wo pupa.

Ó wá bá mi ṣírò. Bí 99 nínú 100 bá so ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìso 20, nǹkan bí 82 nínú 100 okùn ló máa pé. Bó bá lọ sílẹ̀ sí 98 péré, ó di 67. Omi ni ọ̀tá tó ń fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀kán omi tí ojú kò lè rí á so mọ́ ibi tó yẹ kí lẹ́tà so mọ́. Gáàsì gbígbẹ ni wọ́n fi ń tẹ gbogbo ìgò.

“Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ̀rọ yìí fẹ́,” ó wí, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ilé ń sọ ọ́.

Yàrá tó tẹ̀ lé e ń rùn bí ilé ìtọ̀ tí wọn ò fọ̀. Amóníà ni wọ́n fi ń bọ́ okùn kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, a ò sì pẹ́. Mo rí ẹ̀rọ tó ń ya okùn tó pé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gé kù, mo rí òmíràn tó ń wọn bí okùn náà ṣe wúwo tó, tí yóò mọ̀ bí flúórínì kan bá yẹ̀. Wọ́n á wá da okùn méjèèjì pọ̀, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi lọ́ mọ́ra.

Yàrá àwọn sẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ràn jù. Ó fi mí sídìí awò amúǹkantóbi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tò mọ́ra, olójú mẹ́fà, olójú márùn-ún, bí ilẹ̀ àpáàdì Ifẹ̀. Lójú ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ilẹ̀kùn kan wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tó ń gba ohun yòówù tó bá ní irú ṣúgà kan báyìí lórí wọlé. Gilbert Ashwell àti Anatol Morell ló kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá so ṣúgà náà, ẹ̀ka mẹ́ta, mọ́ ìdí okùn èrò, ìyẹn èyí tí Argonaute máa ń jù nù. GalNAc ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀kùn á gbá a mú, á fà á wọlé, á sì padà síta láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 láti mú òmíràn.

Ibi tó yà mí lẹ́nu nìyí. Èyí tó wọlé kò tíì débi iṣẹ́. Inú àpò kékeré kan ló há sí, tó kan gógó, tó sì kún fún ohun tó ń jẹ nǹkan. Kò tó ẹyọ kan nínú 100 tó ń rí ọ̀nà jáde. RNA ìhòòhò á kú síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wọṣọ kì í kú. Ó wà níbẹ̀ bí iṣu nínú àká, ó ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ dé oṣù. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ló wá di ohun tó ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo gbé ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀nà ibí yìí kò tẹ́jú. Oògùn àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀, patisiran, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2018. Díẹ̀ ni aṣọ ara RNA tirẹ̀; inú ìṣù ọ̀rá ni wọ́n fi pamọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fà á sí aláìsàn lára fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 80, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fún un ní oògùn tó ń pẹ̀tù sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Nígbà tó jáde ní 2018, iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ 450,000 dọ́là. Kó tó di ìgbà náà, òmíràn wà tó ń jẹ́ revusiran, tó ní ṣúgà mẹ́ta náà ní ìdí ṣùgbọ́n tí aṣọ rẹ̀ kò tíì pé. Mílígírámù 500 ni wọ́n ń gún lọ́ṣẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní October 2016 wọ́n dá ìdánwò rẹ̀ dúró, torí pé èèyàn 18 ti kú lára àwọn tó ń gba oògùn náà, nígbà tó jẹ́ méjì lára àwọn tí kò gbà á. Àwọn tí transthyretin àjogúnbá ti mú ọkàn wọn le ni wọ́n, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin náà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Mo bọ́ awò ojú mi díẹ̀.

Vutrisiran tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà báyìí, mílígírámù 25 ni, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìdajì mílílítà lábẹ́ awọ ara, ó parí. Ẹ wo 500 lọ́ṣẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo 100 lọ́dún. Kò sí ohun tó mú ìyàtọ̀ yẹn wá ju bí wọ́n ṣe tún aṣọ rán. Ní March 2025 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àìsàn ọkàn rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lo fítámì A, torí ohun tó ń ru fítámì náà ni wọ́n ti dá ońṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nǹkan mìíràn tí ọmọ Nàìjíríà yóò tètè rí nìyí: patisiran ń fẹ́ fíríìjì, àmọ́ vutrisiran lè wà nínú ooru tó tó ìwọ̀n 30 láìbàjẹ́. Ibi tí iná ti ń ṣe ségesège lè tọ́jú rẹ̀.

Mo sọ èyí fún ọmọbìnrin náà. Ó ní òun náà máa ń rò ó. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ọ̀rọ̀ jíìnì kan tó ń jẹ́ PCSK9. Ní Dallas, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen rí i pé ẹ̀dà kan nínú jíìnì yìí ti kú lára àwọn èèyàn dúdú kan láti inú oyún, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2006, wọ́n wo 3,363 aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà; 2.6 nínú 100 ló ní irú rẹ̀, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú wọn fi 28 nínú 100 dín kù, ewu àrùn iṣan ọkàn wọn sì fi 88 nínú 100 dín kù. Inclisiran, abẹ́rẹ́ RNA oníṣúgà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́, ohun tí ìṣẹ̀dá ti ṣe fún àwọn èèyàn yẹn ló ń gbìyànjú láti ṣe fún ẹlòmíràn. Europe gbà á ní December 2020, Amẹ́ríkà ní December 2021. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí baba ńlá wọn ti Áfíríkà wá ló fọ̀nà hàn. Inú mi ò lè dùn títí àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ yìí yóò fi wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Kùtọnu fún ẹni tí ọwọ́ ń ta, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí wọ́n ń sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni.

A padà sí yàrá àkọ́kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi mílígírámù 25 hàn mí. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ti èèyàn, ti ìwádìí ni, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n rí. Ó mú ìgò kan jáde nínú yìnyín, ó dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó ṣí i, kí omi ojú afẹ́fẹ́ má bàa kó wọ inú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ funfun, ó sì fúyẹ́ bí òwú ẹ̀gúngún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ bù ú sórí ìwé kan nínú ìwọ̀n onígíláàsì. Òǹkà náà ń fò sókè sódò: 19, 23, 26. Ó yọ díẹ̀. 25.

Kò tó fún pọ́ọ́kú iyọ̀ tí màá fi sínú ẹyin.

“Oṣù mẹ́ta ẹ̀gbọ́n yín nìyẹn, mà,” ó wí.

Mo tẹ̀ síwájú kí n lè rí i dáadáa. Ó na ọwọ́ sí mi wọ́ọ́rọ́ pé kí n má mí lé e, torí èémí lè gbé e lọ. Mo sé èémí mi, mo sì dúró báyẹn títí ó fi dà á padà sínú ìgò tó sì dé e.